Nítorí Ẹni Tí Yóò Dúró Láàárín Iwájú

Ilé Matthias Akínlẹ́yẹ,
Odode, Ìdànrè.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, 1956.

Ignatius ọmọ mi,

Ṣé o jí ire? Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ìwé yìí yóò bá ọ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ni èmi ń kọ ọ́, nítorí náà bí ilẹ̀ bá ti ṣú, fi ìkíni yìí pamọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí o tó gbà á. Ọlọ́run tó pa ọ́ mọ́ nínú mi fún oṣù mẹ́sàn-án, tó tún pa ọ́ mọ́ lọ́dún tí ìgbóná jà, kò ní fi ọ́ lé àwọn ará Ìbàdàn lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ. Oúnjẹ kò ní há ọ lọ́nà ọ̀fun. Ẹni tó bá ní kí o má sùn, òun gan-an ni kò ní rí oorun sùn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbogbo èyí o, kì í ṣe Catherine ló bá mi kọ ọ́, nítorí mo ti dé ìwé kejì ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, tíṣà wa sì sọ pé ọwọ́ mi dára ju ti àwọn ọkùnrin lọ, àfi pé mi ò mọ ibi tó yẹ kí n ti máa dánu dúró. Mo dá a lóhùn pé nígbà tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ mi tán ni n ó dánu dúró.

Gbogbo ilé wà dáadáa. Bàbá rẹ kí ọ. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn wọ́n bí òjò bá ti ṣú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí wọn lọ́wọ́ láti máa bá mi jiyàn. Catherine ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ, eyín ọmọ rẹ̀ ti hù, méjì nísàlẹ̀, ìka mi ló sì kọ́kọ́ fi dán an wò. A ti ń fọ́ kòkó, ṣùgbọ́n òjò ọdún yìí kò jẹ́ ká rí i sá bó ti yẹ. Bí a bá tẹ́ ẹ tán, òjò á dé, a ó sáré kó o wọlé, bí a bá sì kó o tán, oòrùn á yọ sí wa bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ewúrẹ́ dúdú bí mẹ́ta, akọ ni gbogbo wọn.

A rí lẹ́tà rẹ gbà, a sì rí àwòrán inú rẹ̀. Mo ti mú un káàkiri Odode títí etí rẹ̀ fi ká. Mo rí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ yín, mo rí ìwọ náà láàárín wọn, mo sì rí ṣòkòtò penpe tí o wọ̀. Ignatius, mo bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ṣòkòtò yẹn. Ọmọ tó ti di tíṣà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n ń pè ní Sà, ṣé owó oṣù rẹ kò tó ra ṣòkòtò tó balẹ̀ ni? Bàbá rẹ ní aṣọ eré ni. Mo ní eré wo ni àgbàlagbà fẹ́ ṣe tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ máa wòran? Bó bá jẹ́ pé aṣọ ni kò tó, tètè kọ̀wé, kí n lọ bá Olúyẹ́misí aránṣọ.

O ní pírínsípà ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá eré bọ́ọ̀lù ní ipò òyìnbó tó padà sí ìlú rẹ̀. Bí mo ṣe kà á dé ibẹ̀, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo sì lọ san owó Mísà fún ọ. Fadá bi mí pé ọpẹ́ kí ni, mo ní ọmọ mi jẹ oyè. Ṣùgbọ́n aráyé ò ṣeé fi inú hàn. Àrìnkẹ́ ìyàwó kátíkíìsì ní ṣé kí Ignatius lè máa ṣeré ni a ṣe fi kòkó ọdún mẹ́jọ rán an níwèé. Mo dá a lóhùn pé eré tí wọ́n ń sanwó oṣù fún ni, kí òun náà ní kí ọmọ tirẹ̀ lọ ṣe é, kí a wò ó. Kìkì ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ti òyìnbó yẹn. Ẹni tí a gba ipò rẹ̀, tó ṣì ń mí, kì í ṣe ẹni tí a ń fi ọwọ́ lásán rọ́pò. Ǹjẹ́ o lọ kí i kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi? Ǹjẹ́ ó gbé ọwọ́ lé ọ lórí? Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kọ̀wé sí i, kí o so iṣu méjì tó dára mọ́ ìwé náà, kí àwọn ará ilé ìfìwéránṣẹ́ bá ọ kó o lọ. Má jẹ́ kó jókòó sínú òtútù lọ́hùn-ún kó máa bínú sí bọ́ọ̀lù rẹ.

Mo tún rí ife tí ẹ ń dù, èyí tí o yà sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Etí méjì ló ní bí ìkòkò. O ní ẹnikẹ́ni kì í fi mumi, àti pé bí ẹ bá gbà á lọ́dún yìí, ẹ ó dá a padà lọ́dún tó ń bọ̀ kí gbogbo yín tún wá dù ú. Ṣé ife kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ni? Bàbá rẹ ní Ìjọba tó lè kọ́ ọmọ níwèé lọ́fẹ̀ẹ́ yẹ kó lè ra ife kọ̀ọ̀kan fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan, kí ìjà tán. Èmi ní ife tánńganran mẹ́rin tí a kò tíì fi ẹnu kàn, mo sì ti ń wá ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á débi tí o ti sọ pé bí ife yìí bá bọ́ lọ́wọ́ yín ní Sátidé ogúnjọ́ oṣù yìí, pírínsípà yóò gba eré lọ́wọ́ rẹ fún ẹlòmíràn, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. O ní oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ mọ́. O ní ẹni tí o máa fi sí àárín iwájú, èyí tí ẹ ń pè ní sẹ́ńtà, ni o kò tíì mọ̀, pé ọmọ méjì ló wà nílẹ̀: Fọlọ́runṣọ́ ọmọ abúlé Atosin tiwa níbí, àti Olúyínká ọmọ opó kan ní Ìkàrẹ́. O ní Fọlọ́runṣọ́ ti gbá mẹ́jọ wọlé láti ìgbà tí ìdíje ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní fún ẹnikẹ́ni mọ́. O ní Olúyínká kò gbá ju méjì wọlé lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti wà láàárín, gbogbo àwọn yòókù ni í mọ eré ṣe.

Ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá gbé. Lánàá lẹ́yìn Mísà, mo ka lẹ́tà rẹ sókè lábẹ́ igi ọsàn ilé ìjọsìn, ọ̀rọ̀ sì di ti gbogbo ìjọ. Oúnjẹ ọ̀sán tutù nílé onílé. Kátíkíìsì ní bí a ti ń jẹ oyè àdúgbò ni kí o ṣe é, kí ilé kan jẹ ẹ́, kó tún kan ilé kejì, kí ẹnikẹ́ni má bàa bínú; ó ní kí Atosin ṣáájú, nítorí kò sí ọmọ Atosin tó dé ipò náà rí. Ẹnì kan ní wákàtí kan àti ààbọ̀ péré ni gbogbo eré náà. Kátíkíìsì ní kí wọ́n pín in sí méjì, bí ìdajì bá pé, kí ẹni àkọ́kọ́ ṣí fìlà fún ẹnì kejì níwájú àwọn èrò, kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kí eré sì máa lọ. Ọ̀pọ̀ ló gba ti kátíkíìsì.

Bàbá rẹ ní Olúyínká ni kí o fi síbẹ̀. A bi wọ́n pé kí nìdí, wọ́n kàn ń fi ọ̀pá wọn lu ilẹ̀. Ìgbà náà ni mo dìde. Mo ní Fọlọ́runṣọ́ ni. Mo ní ọmọ ilé ni, mo ní mẹ́jọ ju méjì lọ lójú ẹni tó bá lè ka owó ọjà. Mo ní ọmọ wo la fi nǹkan lé lọ́wọ́, tó tún ń gbé e fún ẹlòmíràn, ṣé àpà kọ́ nìyẹn? Mo ní bí a bá fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ́ oko, ṣé iṣu kan á délé? Mo sọ ọ́ títí ohùn mi fi há. Àrìnkẹ́ bi mí pé ìgbà wo ni mo ti wá mọ bọ́ọ̀lù tó báyìí. Mo ní ìyá ọ̀gá eré ni mí.

Òjò tún ti ń ṣú. Jẹ́ kí n lọ kó kòkó, mò ń bọ̀.

Ọjọ́rú ni òní o. Láti ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà yìí ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, kò sì jẹ́ kí n gbádùn oorun. Ohun tí mo fẹ́ kọ kọ́ ni mo fẹ́ kọ báyìí.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí gbogbo ìlú ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè wá sí Odode níbí, orí àti èjìká ni a fi ru gbogbo ẹrù wa gba àtẹ̀gùn òkè yẹn wá? Ọdún kìíní tí mo wọlé ọkọ ni. Ìyá bàbá rẹ ní àpótí igi kan tí ọkùnrin kan kò lè dá gbé nílẹ̀, àwa mẹ́ta la gbé e, bàbá rẹ wà níwájú nítorí pé àpótí ìyá wọn ni, àwọn ló sì lágbára jù nínú ilé. Èmi àti Olútìmẹ́hìn àbúrò wọn wà lẹ́yìn. O mọ àpá tó wà ní orúnkún mi. Láti kékeré rẹ ni o ti ń gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ pé oorun ni mo ń sùn lọ lórí àtẹ̀gùn tí mo fi ṣubú, tí àpótí fi bọ́, tí aṣọ ìyá ọkọ mi fi fọ́n káàkiri orí àpáta lójú gbogbo ìlú. Ìyá ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kí n tó délé ọkọ, ẹnikẹ́ni kò pè mí ní ọ̀lẹ rí, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti sọ nǹkan fún èèyàn fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Èmi náà ti gbà pé bóyá mo sùn.

Lánàá, kátíkíìsì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá bá wa níbi tí a ti ń sá kòkó, wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ sẹ́ńtà dé. Bàbá rẹ nàró. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ ìdí tí àwọn fi wà lẹ́yìn Olúyínká. Wọ́n ní Agatha ìyàwó àwọn kò sùn. Wọ́n ní àwọn ló ń fa àpótí nítorí pé agbára ń gun àwọn, tí àwọn kò wẹ̀yìn, tí àwọn kò pe àtẹ̀gùn fún ẹni tó ń tẹ̀ lé àwọn, tí àwọn fi já obìnrin ilé lulẹ̀. Wọ́n ní Olútìmẹ́hìn, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, ló wá bọ́ síwájú lẹ́yìn náà, tó ń pè é fún gbogbo wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé èyí ga, èyí ń yọ̀, ẹ dúró mí níbí, títí a fi gúnlẹ̀, tí àpótí kò tún fara kan òkúta mọ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà ni àwọn ti mọ̀ pé ẹni tí yóò wà níwájú kì í ṣe ẹni tó lágbára jù, ẹni tó mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn òun ni. Wọ́n ní ojú ló ń ti àwọn láti sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Ignatius, mo jókòó sórí kòkó tí mo ń sá, mo sunkún. Kátíkíìsì ń pẹ̀tù sí mi nínú, ó rò pé inú ń bí mi. Inú kò bí mi, inú mi dùn débi tí mo fi kọ́kọ́ fẹ́ sọ kòkó lu bàbá rẹ. Nígbà tó yá, mo bù wọ́n lóúnjẹ, mo fi ẹja kún un.

Nísinsìnyí, bí bàbá rẹ bá lè sọ tiwọn lójú gbogbo ìjọ, èmi náà gbọ́dọ̀ lè sọ tèmi fún ìwọ nìkan. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Olúwagbénga, bàbá Fọlọ́runṣọ́, gun kẹ̀kẹ́ láti Atosin wá kí mi. Ó gbé odidi ẹtu yíyan wá, ó fi ewé dì í. Kò bẹ̀ mí ní nǹkan kan. Ó ní kí n kí Ignatius. Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló tó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé Ignatius ló ń yan ẹni tó ń dúró láàárín. Mo ní òun ni. Ó ní ọmọ òun wà níbẹ̀. Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀, ṣé ọmọ tirẹ̀ kì í ṣe ọmọ mi ni? Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Ẹnu jẹ, ojú ń tì. Gbogbo ariwo tí mo pa lábẹ́ igi ọsàn, ẹtu ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ tó ń jà fún Olúyínká, àwọn ló jẹ orí ẹran náà, tí wọ́n ń yìn mí pé mo mọ ẹran rà lọ́jà. Ní àárọ̀ yìí ni mo jẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n gbé ife ẹ̀kọ gbígbóná sílẹ̀, wọ́n bi mí bóyá ó ṣẹ́ kù. Mo ní ó ku itan kan. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́, wọ́n sì ń wo ẹ̀yìn ààrò títí wọ́n fi lọ sóko.

Ẹran tí a ti jẹ kò lè padà. Ohun tí èmi àti bàbá rẹ fi ẹnu kò sí ni pé a ó ra odidi ẹtu mìíràn lọ́wọ́ ọdẹ, n ó gbé e lọ sí Atosin fúnra mi, n ó sì sọ fún Olúwagbénga lójúkojú pé ohun tí mo ṣèlérí kì í ṣe tèmi láti fi tọrẹ. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí èèyàn dáadáa ni, ìtìjú ni yóò sì kọ́kọ́ hàn lójú rẹ̀. Ìwọ náà, má torí ẹtu fìyà jẹ Fọlọ́runṣọ́ o. Ọmọ náà kò mọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ pé òun ló tọ́ sí, fi í síbẹ̀. Bó bá jẹ́ Olúyínká ni, fi í síbẹ̀. Èmi ti yọ ẹnu mi kúrò. Kìkì pé ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé bó bá wà láàárín, àwọn yòókù ni í mọ eré ṣe. Lójú mi, o ti mọ̀ ọ́n kí o tó kọ̀wé sí wa, oorun ni o kò rí sùn.

Nítorí náà, fi ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ránṣẹ́ kíákíá, kòkó wa ṣì tutù, ọdẹ kò sì ní ta ẹtu fún mi láwìn. Jẹ́ kó dé ṣáájú ogúnjọ́ oṣù, kí n lè ti Atosin dé kí o tó yan ẹnikẹ́ni, kí ọwọ́ rẹ lè mọ́ nígbà tí o bá ń nà án sí ọmọ tí o bá yàn. Sọ fún akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ti ọ̀dọ̀ yín kó kọ̀wé sí ti ọ̀dọ̀ wa pé kó má fi ìbéèrè dá mi dúró mọ́. Nígbà tí mo lọ gba owó lẹ́ẹ̀kan, ó gbé fọ́ọ̀mù kan kalẹ̀, ó bi mí pé ta ló fi owó ránṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí mo lóyún rẹ, n kò sì tíì dé ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn tó fi ní orúkọ nìkan ni òun ń béèrè. Ó tún ní kí n fi ìwé owó náà sílẹ̀ kí òun tó sanwó. Ìwé tí ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ mi sí, ni kí n fi sílẹ̀ fún ẹni tí n kò mọ̀ rí? Catherine ló já a gbà lọ́wọ́ mi fún un. Bó o bá ń fi èyí ránṣẹ́, kọ orúkọ mi sórí ìwé mìíràn lọ́tọ̀, kí n lè rí ọ̀kan mú délé.

Kí Ọlọ́run fún ọ lọ́gbọ́n tí a fi ń yan èèyàn. Kí ojú má tì ọ́ níwájú àwọn tó kọ́ ọ àti àwọn tí ò ń kọ́. Kí Màríà Wúńdíá bo orúnkún rẹ tó wà níta yẹn. Bí ẹ bá gba ife náà, kọ̀wé kí n tún san owó Mísà. Bó bá sì bọ́ lọ́wọ́ yín, tí pírínsípà gba eré rẹ̀ padà, má fara pamọ́ fún wa, wọ lọ́rì wá sílé, kí o wá jẹun. Ọjọ́ tí mo bí ọ, o kò tíì borí ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ n kò mọ ibi tí n ó fi ayọ̀ mi sí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Agatha Akínlẹ́yẹ.